Sí Olóòtú: Ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa láyè nínú ìwé ìròyìn yín lórí ọ̀rọ̀ kan tó máa ń dá iyàn sílẹ̀ nínú yàrá àwọn olùkọ́, ní Iléṣà níbí àti ní Ilé-Ifẹ̀: ṣé ó dáa kí tíṣà máa sọ ọmọ ilé-ìwé lórúkọ ẹ̀fẹ̀? Ẹ mọ irú àwọn orúkọ tí à ń wí. Olódo. Orí Àgbọn. Dọ̀bọ̀sìyẹsà. Eléyín Gan-n-gan. Akólòlò. Ìyàwó Mi. Àwọn tó fara mọ́ ọn ní eré ni, pé ó ń mú kí kíláàsì lárinrin, pé ọmọ náà gan-an ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn ní kí tíṣà kúkú dijú mọ́rí, kó má bá ọmọ kankan ṣàwàdà láé. Àwa kò sí lẹ́yìn apá kejì yìí, nítorí kíláàsì tí kò sí ẹ̀rín níbẹ̀, oorun ló kù tí wọn yóò máa sùn. Ṣùgbọ́n apá àkọ́kọ́ ló ń ṣe ọmọ léṣe.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ orúkọ ẹ̀fẹ̀. Ta ló mọ̀ ọ́n tó wa? Ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé kì í pe orúkọ ọmọ ilé ọkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí lánàá ọjọ́ tó wọlé. Ó ní láti wá orúkọ fún kálukú. Èyí tó dúdú di Adúmáadán, èyí tó pupa di Àpọ́nbéporẹ́, tẹ́ẹ́rẹ́ di Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹni tí eyín rẹ̀ funfun di Eyínfúnjowó, èyí tó ń lọ sí ilé-ìwé di Akọ̀wé. Ara ọmọ ni ìyàwó ń wò kó tó sọ ọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹwà ló ń ṣà níbẹ̀. Pàtàkì jùlọ, òun ló wà nísàlẹ̀. Ọmọ tó ń sọ lórúkọ yẹn, ọkọ ló jẹ́ fún un. Bí orúkọ kò bá dùn mọ́ ọmọ náà, kò ní í jẹ́ ẹ, ìyàwó á sì wá òmíràn. Nínú kíláàsì, ẹni tó wà lókè ló ń sọ ẹni tó wà nísàlẹ̀, pàṣán sì wà lórí tábìlì.

Àwọn kan á ní kí a wo òṣómàáló. Ṣebí ẹ̀fẹ̀ ni àwọn tó ń ra aṣọ àwìn lọ́wọ́ àwọn baba wa fi bẹ̀rẹ̀ orúkọ yẹn, nítorí pé bí ọjọ́ owó bá pé, Ìjẹ̀ṣà á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, kò ní í dìde títí owó á fi jáde. Lónìí, orúkọ ìyangàn ni. A gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀ nígbà yẹn ló ni ọjà, òun náà ló ń gbowó. Ó lè fèsì, ó sì lè kọ̀ láti tún tà láwìn. Ọmọ kíláàsì kẹrin kò ní ẹrù aṣọ kankan tó lè dì kúrò níwájú tíṣà.

Ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Ogójì ọmọ ló jẹ àgbọn, ẹyọ kan ni orí ń dùn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń bá wa jiyàn pé eré ni, ọ̀nà kan wà tí a fi lè mọ̀. Kò sí tíṣà tí àwọn ọmọ kò sọ lórúkọ lẹ́yìn: Kòbókò, Bàtà-ń-dún, Bàbá Onígò. Kí tíṣà náà jẹ́ kí ọmọ tó ń pè ní Orí Àgbọn fi orúkọ ẹ̀yìn yẹn kí òun lójú àsẹ́ńbílì, lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Bí ọwọ́ bá ti lọ síbi pàṣán, a jẹ́ pé eré kọ́.

Ẹ̀rín ọmọ náà ńkọ́? Kì í ṣe ẹ̀rí. Ọmọ tí kò bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún fi ti pé ó ń bínú sọ ọ́ lórúkọ kejì. Ohun tó yẹ kí tíṣà wò ni bí ẹ̀rín yẹn ṣe ń parí: ti ọmọ náà á kọ́kọ́ dákẹ́ nígbà tí ti àwọn yòókù ṣì ń lọ, ojú rẹ̀ á sì wálẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọwọ́ rẹ̀ kò ní í nà sókè mọ́ bí ẹ bá béèrè ìbéèrè. Á bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé, kí wọ́n lè ti pe orúkọ tán kó tó wọlé. Bí ẹ bá rán an sí kíláàsì mìíràn, á bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ rán ẹlòmíràn, nítorí ó mọ ohun tí wọn yóò fi kí òun níbẹ̀. Àwọn kan a máa gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n á gba orúkọ náà mọ́ra, wọ́n á di aláwàdà kíláàsì, tíṣà á sì máa sọ pé, “Ẹ ò rí i pé ó fẹ́ràn rẹ̀?” Irú ọmọ yìí ló le jù láti ràn lọ́wọ́.

Ohun tó dùn wá jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé orúkọ ẹ̀fẹ̀ máa ń di ojú tíṣà fúnra rẹ̀. Bí o bá ti sọ ọmọ lórúkọ, o ti rò pé o mọ ohun tó ń ṣe é, o kò ní í wádìí mọ́. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní Olóorun nítorí pé ó ń tòògbé láti aago 11 lè jẹ́ ẹni tó ti ń kiri ẹ̀kọ láti aago 5 ìdájí. Ó lè má tíì jẹun. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè má tó. Elétí Dídi lè jẹ́ ọmọ tí etí rẹ̀ ń ṣọyún tàbí tí èérí ti dí. Ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ẹ pe orúkọ rẹ̀ gan-an pẹ̀lú ohùn tí kò ga, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí kò bá yíjú, ẹ ránṣẹ́ pe òbí rẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Olódo tó ń da 6 pọ̀ mọ́ 8, tó ń fún ojú pọ̀ kó tó ríran rí pátákó, ẹ gbé e wá sí ìlà àkọ́kọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kí ẹ wá fi ìwé ọ̀sẹ̀ náà wé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bí ohun tó kọ bá yàtọ̀, ojú ni, kì í ṣe orí.

Igi Ìṣáná ni wọ́n ń pe ọmọ tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, tó kéré sí ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá tún máa ń pọ́n bí ìyeyè, tó ń pa ilé-ìwé jẹ léraléra nítorí egungun dídùn, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ SS ló ní. Òtútù, òùngbẹ àti àárẹ̀ ni ọ̀tá irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Tíṣà tó bá ń fi títẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ló sì máa ń ní kó sáré yí pápá po, “kó lè lẹ́ran lára”. Ọmọ àfín tí wọ́n ń pè ní Òyìnbó, ojú rẹ̀ kì í ríran jìnnà, ìmọ́lẹ̀ sì ń dà á láàmú. Iwájú ni kó jókòó, kó má kọjú sí fèrèsé. Fìlà tó dé sínú oòrùn kì í ṣe ìgbéraga, ẹ má ṣí i lórí rẹ̀.

Akólòlò ńkọ́? Kíkólòlò sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 2 sí 5, àwọn ọkùnrin ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń bá dàgbà. Ìkánjú àti ojú àwọn èèyàn lára ọmọ ló ń mú un le. Bí tíṣà bá ti sín in jẹ lẹ́ẹ̀kan péré, lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ náà á ti há sí i lọ́fun kó tó dìde. Ẹ fún un láyè, bí ó tilẹ̀ gba ìṣẹ́jú àáyá 10. Ẹ má bá a parí gbólóhùn rẹ̀. Ẹ má sọ fún un pé kó rọra, nítorí ó ti ń rọra tẹ́lẹ̀. Bí ìwé kíkà bá kàn án, ẹ jẹ́ kí òun àti ọmọ mìíràn jọ kà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkólòlò sábà máa ń rọlẹ̀ bí ohùn méjì bá ń lọ pọ̀, á sì rí i pé òun lè kàwé lójú gbogbo kíláàsì.

Èyí tó kan agbègbè wa yìí gan-an ni ti ẹ̀ka èdè. Ọmọ tí ìyá àgbà tọ́ ní Ìbòkun tàbí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà á pe ilé ní ulé, á pe iṣu ní uṣu. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sórí pátákó, tíṣà bú sẹ́rìn-ín, láti ọjọ́ náà ọmọ di Ulé, tàbí kí wọ́n sọ ọ́ di Ará Oko. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ọmọ yìí ṣe? Ifẹ̀, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ni àwọn onímọ̀ èdè kó pọ̀ sí ẹ̀ka Yorùbá àárín gbùngbùn, u sì ni irú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí fi ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Yorùbá àjùmọ̀lò tí a ń kọ nínú ìwé gba i nítorí pé èdè ìhà Ọ̀yọ́ ni wọ́n gbé e lé jù. Kò sí ohun ẹ̀rín nínú ìyẹn. Kí tíṣà fa ìlà sáàárín pátákó: ní apá òsì, bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé, ní apá ọ̀tún, bí a ṣe ń kọ ọ́ nínú ìdánwò. Ulé, ilé. Uṣu, iṣu. Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ́sẹ̀ kan ti tó, àwọn ọmọ fúnra wọn ni kó sì mú ọ̀rọ̀ wá láti ilé. Ọmọ tí wọ́n ì bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ ló máa mú èyí tó pọ̀ jù wá.

Ó yẹ kí ojú ti wa díẹ̀ lórí ti èdè yìí o. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àdánwò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ yẹn láti kíláàsì kìíní títí dé ìkẹfà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n kọ́ lọ́nà tí gbogbo ayé ń gbà lọ. Èdè ẹnu ọmọ ni wọ́n fi là á lójú níbẹ̀. Iléṣà sí ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ, èdè ẹnu ọmọ yìí kan náà ni a sì ń fi sọ ọ́ di ẹni ẹ̀sín.

Orúkọ àbísọ pẹ̀lú wà níbẹ̀. Kòsọ́kọ́, Málọmọ́, Kúkọ̀yí, Igbókọ̀yí: orúkọ àbíkú ni gbogbo wọn. Òbí tó sọ ọmọ bẹ́ẹ̀, tàbí baba ńlá tó fi í sílẹ̀ fún ìdílé, ti sin ọmọ rí kó tó sọ ọ́. Tíṣà tó bá bi Kòsọ́kọ́ pé, “Ṣé ẹ ti wá rí ọkọ́ rà nílé yín?” ń jókòó lórí sàréè ọmọ mìíràn ṣàwàdà. Àfi kí a má fi orúkọ tí ọmọ gbé láti ilé wá dápàárá rárá.

A dé orí Ìyàwó Mi. Ìyá a máa pe ọmọkùnrin rẹ̀ ní ọkọ mi, baba àgbà a máa pe ọmọ ọmọ rẹ̀ ní ìyàwó mi. Ìkẹ́ ni, nínú ilé ni. Tíṣà ọkùnrin tó gbé e dé kíláàsì ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ọmọ ọlọ́mọ lára lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin á máa kí i ní ìyàwó tíṣà, àwọn ọmọbìnrin á máa wò ó ní ìwòkuwò, bó bá sì gba máàkì tó dáa, wọ́n á ní kò yani lẹ́nu. Èyí tó burú jù ni pé wọ́n ti kọ́ ọ pé eré ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí àgbàlagbà mìíràn tó ní èrò ibi bá pè é bẹ́ẹ̀, kò ní í mọ̀ pé ó yẹ kí òun ké. Bákan náà ni gbogbo orúkọ tó bá wá láti ara ọmọbìnrin tó ń bàlágà. Láti nǹkan bí ọdún 9 sí 13 ni ara wọn ń yí padà, wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kíyè sí i. Kí tíṣà obìnrin náà ṣọ́ ẹnu. Lórí èyí, a kò rí àyè fún àríyànjiyàn kankan.

Orúkọ ìyìn pàápàá ní wàhálà tirẹ̀. Ọmọ tí ẹ sọ ní Profẹ́sọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé pamọ́ lọ́jọ́ tó bá gba 4 nínú 10, àwọn 39 tó kù á sì mọ̀ pé ipò náà ti lẹ́ni. Ohun tó ṣe ni kí ẹ yìn: “O to ìṣirò yẹn ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin, o kò fo ọ̀kankan.”

Òótọ́ kan wà tí àwa olùkọ́ kì í fẹ́ sọ jáde: ọ̀pọ̀ ìgbà tí a ń fi Orí Àgbọn pe ọmọ, a kò mọ orúkọ rẹ̀ ni. Ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ní ọmọ 35 ni kí tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan mú, ẹni tó ń mú 70 sì mọ bí ojú òun ṣe ń rí. Síbẹ̀ ó ṣeé ṣe. Ẹ gé páálí bísíkíìtì sí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, ẹ ká a sí méjì kó lè dá dúró, kí ọmọ kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sí i, kó gbé e síwájú ara rẹ̀. Ẹ ya àwòrán bí wọ́n ṣe jókòó sí ẹ̀yìn rẹ́jísítà. Ẹ mú orúkọ márùn-ún lójúmọ́. Ọjọ́ ilé-ìwé 14 péré, àwọn 70 ti tán. Rẹ́jísítà pípè nìkan kò tó, nítorí ìwé ni ojú tíṣà ń wò nígbà yẹn. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ máa pín ìwé iṣẹ́ wọn padà, lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́wọ́ sí ọwọ́. Orúkọ wà lára ìwé, ojú wà níwájú yín, méjèèjì á lẹ̀ mọ́ra. Ẹ béèrè bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é, kí ẹ fi àmì ohùn sí i. Bí Tọ́pẹ́ bá pé méjì, ẹ fi lẹ́tà orúkọ ìdílé yà wọ́n, Tọ́pẹ́ A àti Tọ́pẹ́ O. Ẹ má sọ wọ́n di Tọ́pẹ́ Dúdú àti Tọ́pẹ́ Pupa. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ orúkọ tó ń bá ọmọ dalẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Tíṣà tó bá fẹ́ orúkọ tó dùn lẹ́nu, oríkì wà ńlẹ̀. Kí àwọn ọmọ lọ béèrè tiwọn nílé, kí wọ́n mú un wá lọ́jọ́ Ẹtì: Àkànní, Àjàní, Àlàó, Àbẹ̀kẹ́, Àdùkẹ́, Àṣàkẹ́. Ẹ pe Àjàní lóríkì lẹ́yìn tó bá parí iṣẹ́ kan, ẹ ó rí i bí ọrùn rẹ̀ á ṣe gùn. Ibi tó ti ń wọ́ ni pé àwọn kan kò ní oríkì, àwọn mìíràn jẹ́ ọmọ Ìgbò, Haúsá tàbí Ìgbìrà. Ẹ má ṣẹ̀dá oríkì fún wọn ní kíláàsì. Orúkọ ìkẹ́ tí wọ́n ń pè wọ́n nílé ni kí ẹ béèrè, kí ọmọ sì kọ́kọ́ sọ bóyá òun fẹ́ kí a máa pe òun bẹ́ẹ̀ níta. Bó bá ní rárá, ó parí. Ní ti ẹ̀rín, ìṣẹ́jú méjì àlọ́ àpamọ̀ lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán ń ṣe é. “Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò.” Ẹni tó bá ní erèé ni, kó wá pa ti ẹ̀ náà. Bí tíṣà bá sì ṣi nǹkan kọ sórí pátákó, kó fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Orí rẹ̀ ló ni, kó fi fọ́ àgbọn bó ṣe wù ú.

Èyí tó ti wà lẹ́nu ẹgbẹ́ ńkọ́, báwo ni a ṣe ń yọ ọ́? Kí tíṣà kọ́kọ́ dá ti ẹnu ara rẹ̀ dúró. Lẹ́yìn náà kó pe ọmọ náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí èèyàn ti lè rí wọn ṣùgbọ́n tí wọn kò ní í gbọ́ wọn, kó sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: “Orúkọ tí mo ń pè ọ́ yẹn kò dáa. Mi ò ní í pè é mọ́. Kí lo fẹ́ kí n máa pè ọ́?” Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, gbólóhùn kan péré fún kíláàsì ti tó. Tíṣà tó bá wàásù fún ìdajì wákàtí ti tún orúkọ náà sọ lẹ́ẹ̀kejì ni. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, kó pe orúkọ tí ọmọ yàn ó kéré tán ìgbà márùn-ún nínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: fún ìdáhùn, fún ṣọ́ọ̀kì, fún ìwé pípín. Bí ẹnìkan bá pe ti àtijọ́, kí tíṣà má rẹ́rìn-ín, kí ó má sì pariwo. Kó pe orúkọ gidi, kí iṣẹ́ máa lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kó lọ fetí sí pápá lásìkò eré, kó wo ẹ̀yìn ìwé àti ojú dẹ́sìkì, nítorí àwọn ọmọ máa ń gbẹ́ ẹ sára igi. Kó fá a dànù. Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti sábà máa ń bàjẹ́ ni yàrá olùkọ́: tíṣà kan ti jáwọ́, mẹ́ta mìíràn ṣì ń pè é.

Òfin náà wà o. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, ní ìpín 11, kò yọ ọgbẹ́ ọkàn kúrò nínú ohun tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ sí ọmọ. A kò gbé e síwájú, nítorí tíṣà tó jẹ́ pé ọlọ́pàá nìkan ló ń dá a dúró á kàn lọ máa pè é ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni.

Ìbéèrè wa fún àwọn hẹdimásítà àti pirinsípà kò pọ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí kíláàsì bá ń ti ọwọ́ tíṣà kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn, ẹ̀yin náà mọ ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde: “Ẹ máa ṣọ́ Olódo yẹn, ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí.” Ọmọ kò tíì dé kíláàsì tuntun tí orúkọ ti dé síbẹ̀ dè é. Ẹ sọ ọ́ di dandan kí tíṣà tó ń fi kíláàsì sílẹ̀ kọ ojú ìwé kan: orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì ohùn, ẹni tó nílò ìlà iwájú, ẹni tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa, ẹni tó ń kólòlò, ẹni tí òbí rẹ̀ ti wá ṣàlàyé àìlera rẹ̀. Kí hẹdimásítà kà á kó tó fọwọ́ sí i, bó bá sì bá orúkọ ẹ̀fẹ̀ kankan níbẹ̀, kó dá ìwé náà padà.

Tiyín ní tòótọ́,
Àwọn olùkọ́ àti agbaninímọ̀ràn ilé-ìwé mélòó kan,
Ìṣokùn, Iléṣà.